Ta Ló Ni Omijé Inú Fíìmù?

Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Ohun tí mo gbàgbọ́ nìyẹn ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé fóònù sókè láti ya fíìmù. Mo rò pé bí mo bá ti lè jẹ́ kí àwọn ènìyàn fi ojú ara wọn rí ìyà tó ń jẹ ẹlòmíràn, iṣẹ́ mi ti parí, ìyókù dọwọ́ ẹ̀rí-ọkàn wọn. Ọdún kan ti kọjá báyìí. Mo ti wá mọ̀ pé àfojúbà náà ní gbèsè tirẹ̀, àti pé ẹni tó ya fíìmù kọ́ ló sábà máa ń san án.

Olùkọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ oníròyìn ilé ẹ̀kọ́ wa ló ní kí a ya fíìmù kékeré ìṣẹ́jú mẹ́jọ fún Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún. Kì í ṣe eré àròsọ bí èyí tí a máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní dọ́kúmẹ́ńtárì ni ó fẹ́, níbi tí ojúlówó ènìyàn ti ń sọ ohun tí ojú òun fúnra rẹ̀ rí, tí kò sí òṣèré kankan nínú rẹ̀. Àkọlé tí olùkọ́ fún wa ni "Ẹ̀tọ́ Ọmọdé sí Ẹ̀kọ́". Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ. A jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la máa ń jókòó sí, ó sì mọ ìṣirò jù mí lọ dáadáa. Nígbà tí a wà ní ọdún kejì girama, bàbá rẹ̀ kú. Láti ìgbà náà, ọjà ló ń tà nígbà tí àwa bá wà ní kíláàsì. N kò ní dárúkọ rẹ̀ nínú àròkọ yìí.

Mo bi í pé, "Ṣé mo lè yà ọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Yà mí." Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó jókòó dáadáa. Mo ń bi í ní ìbéèrè, ó ń dáhùn. Ní àárín ìdáhùn rẹ̀, ó sọ ohun kan nípa ìdílé wọn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. N kò pa fóònù. Ṣe ni mo tún sún mọ́ ọn kí omijé náà lè hàn dáadáa. Ó yẹ kí n ti bi ara mi léèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, inú mi ń dùn ni. Mo mọ̀ pé fíìmù wa yóò wọ àwọn ènìyàn lọ́kàn.

Ó sì wọ̀ wọ́n lọ́kàn lóòótọ́. Ní ọjọ́ tí a fi í hàn, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn òbí sunkún, olùkọ́ wa náà sunkún. A gba ipò kejì nínú ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ agbègbè wa, wọ́n sì fún ilé ẹ̀kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan. Òbí kan bẹ̀ mí pé kí n fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp, mo sì fi í ránṣẹ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí n kò mọ̀ rí. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rẹ́ mi ní "ọmọ inú fíìmù". Ọ̀rọ̀ tí ó sọ nípa ìdílé wọn dé etí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ní ìlú tó jìnnà sí tiwa. Ìrànlọ́wọ́ tí ẹni náà ń ṣe fún wọn tẹ́lẹ̀, ó dá a dúró. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi, ọmọkùnrin kékeré tó ṣì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà, jókòó sílé fún odidi sáà kan.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ gbà mí láàyè kí n tún un sọ. Fíìmù tí a yà nítorí ẹ̀tọ́ ọmọdé sí ẹ̀kọ́ ló yọ ọmọ kan kúrò ní ilé ẹ̀kọ́.

Nígbà tí mo gbọ́, mo lọ sí ilé wọn, mo kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Màmá kò bú mi. Wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi. Ìwọ náà ò mọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ. Ẹ̀yìnkùlé ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti wá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ṣebí mo bi ọ́ kí n tó yà ọ́?" Ó ní, "O bi mí pé ṣé o lè yà mí. O ò bi mí pé ṣé o lè fi mí han gbogbo ayé. Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣé mo mọ̀ pé àwọn yẹn náà wà níbẹ̀ ni?"

Ìbéèrè rẹ̀ ni mo fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn. Bí a bá ya ìyà tó ń jẹ ènìyàn sínú fíìmù kí ayé lè gbà á sílẹ̀, ta ló ni fíìmù náà? Ta ló ni omijé inú rẹ̀?

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kò wúlò. Ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2018, BBC Africa Eye gbé Sweet Sweet Codeine jáde, fíìmù tí oníròyìn Ruona Meyer fi tú àṣírí àwọn tó ń ta oògùn ikọ́ olómi tó ní kodéènì nínú fún àwọn ọ̀dọ́ wa. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn náà àti kíkó o wọ Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Sex for Grades jáde. Kiki Mordi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ mú àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì ti Ghana tó ń fi ìbálòpọ̀ lọ àwọn ọmọbìnrin. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Àbújá tún gbé àbá òfin kan tó ta ko irú ìwà bẹ́ẹ̀ jáde, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní oṣù Keje ọdún 2020. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnu ti ń kun àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ìgbà tí ojú rí i ni ọwọ́ tó sún.

Bí a bá tún kúrò nílé, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló yà mí lẹ́nu jù lọ. Ní ọdún 1976, wọ́n yìnbọn pa ọlọ́pàá kan ní ìlú Dallas. Wọ́n mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Randall Dale Adams, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, irú ọjọ́ orí tèmi yìí, wà lára àwọn tó jẹ́rìí takò ó. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n pa Adams ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ikú náà dúró, wọ́n sì wá sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére. Errol Morris ya fíìmù kan nípa ọ̀rọ̀ náà, The Thin Blue Line, tó jáde ní ọdún 1988. Fíìmù náà fi hàn pé ẹ̀rí tí wọ́n fi dè é kò dúró. Nínú rẹ̀ ni a ti gbọ́ ohùn ẹni tó jẹ́rìí takò ó nígbà èwe, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tó fi hàn pé Adams kò mọwọ́-mẹsẹ̀. Ní ọdún 1989, wọ́n tú Adams sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjìlá.

Ìbí yìí ni ó yẹ kí ìtàn náà parí sí, àbí? Kò parí síbẹ̀. Lẹ́yìn tí Adams jáde, òun àti Morris di ẹni tó ń bá ara wọn ṣẹjọ́, lórí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ láti sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Wọ́n yanjú rẹ̀ láìjẹ́ pé adájọ́ dá a. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo ní aláìmoore ni Adams. Fíìmù gbà ọ́ lọ́wọ́ ikú, o wá ń pe ẹni tó yà á lẹ́jọ́! Lẹ́yìn tí mo dé ẹ̀yìnkùlé ọ̀rẹ́ mi, èrò mi yí padà. Ọdún méjìlá ni àwọn ẹlòmíràn fi ń sọ irú ènìyàn tí Adams jẹ́ fún ayé: ọlọ́pàá sọ tiwọn, agbẹjọ́rò ìjọba sọ tirẹ̀, adájọ́ sọ tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ wá sọ tirẹ̀ náà. Kò sí ohun tó burú nínú kí òun náà fẹ́ kí ìtàn òun padà sọ́wọ́ òun. A lè ṣe ènìyàn lóore kí a sì tún di ohun tí í ṣe tirẹ̀ mú. Méjèèjì lè wà pọ̀.

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan wà tó ràn mí lọ́wọ́ láti ronú lórí èyí. Ọ̀rọ̀ náà ni àṣírí. Bí àwọn òbí wa bá ń gbàdúrà, wọ́n á ní, "Ọlọ́run á bò wá láṣìírí." Kì í ṣe pé wọ́n ti ṣe ibi tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àìní wọn má di ohun tí ọmọ aráyé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí kò ní oúnjẹ lálẹ́ lè jí ní òwúrọ̀ kó fi omi bọ́jú, kó kí aládùúgbò pẹ̀lú ẹ̀rín. Òtòṣì ni, kì í ṣe òpùrọ́. Iyì rẹ̀ ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ń tọ́jú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ.

Ṣùgbọ́n a tún máa ń sọ pé, "Àṣírí rẹ̀ tú," nípa olè, nípa oníjìbìtì, nípa ẹni tó ń fi agbára jẹ àwọn aláìlágbára níyà. Àṣírí yẹn, ibi ló ń bò. Bí ó ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ ni ibi náà ń gbèrú.

Nítorí náà, àṣírí méjì ló wà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ọ̀kan jẹ́ aṣọ tí ẹni tí wọ́n jẹ níyà fi bo ara rẹ̀. Èkejì jẹ́ ìbòjú tí ẹni tó jẹ ni níyà fi sá pamọ́. Ohun tí mo gbàgbọ́ nìyí: iṣẹ́ fíìmù tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni láti tú àṣírí kejì, kó sì bo ti àkọ́kọ́. Bí ó bá di dandan kí a ṣí ti àkọ́kọ́, ẹni tó ni ín nìkan ló lè fún wa ní àyè, kó sì mọ ẹni tí a fẹ́ ṣí i fún.

Kì í ṣe èrò ọmọdé lásán ni èyí. Ní ọdún 2012, Joshua Oppenheimer gbé The Act of Killing jáde, nípa àwọn tó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní Indonesia láti ọdún 1965 sí 1966. Nínú fíìmù yẹn, àwọn apànìyàn ló jókòó síwájú kámẹ́rà, tí wọ́n ń fi ẹnu ara wọn ròyìn bí wọ́n ṣe pànìyàn. Ojú wọn hàn, orúkọ wọn hàn. Ṣùgbọ́n bí fíìmù bá parí tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Indonesia tó bá wọn ṣe é ni wọ́n kọ "Anonymous" sí, ìyẹn ni pé aláìlórúkọ. Wọ́n bò wọ́n nítorí ewu. Òfin wa náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Abala 34 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí iyì. Abala 37 sì dáàbò bo ohun ìkọ̀kọ̀ ènìyàn àti ilé rẹ̀. Kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé kí tálákà kọ́kọ́ fi ẹ̀tọ́ kan sílẹ̀ kí ó tó lè rí èkejì gbà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta ko ohun tí mo sọ yìí. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ oníròyìn wa sọ fún mi pé, "Bí a bá ní kí a máa tọrọ àyè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, a ò ní lè mú ẹni ibi kankan." Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí àwọn oníròyìn bá tọrọ àyè lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń fi ìbálòpọ̀ lọ akẹ́kọ̀ọ́, ṣé yóò fún wọn ni? Ṣùgbọ́n olùkọ́ yẹn di ipò kan mú tí ìlú gbé lé e lọ́wọ́, ipò yẹn gan-an ló sì fi ń ṣe ibi. Ohun tí ènìyàn bá fi ipò ìlú ṣe, ìlú ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kò fi ipò ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun. Bàbá rẹ̀ ló kú.

Àtakò kejì ni bàbá mi mú wá. Wọ́n ní, "Bí o bá bo ojú ọmọ náà, ta ni yóò sunkún? Bí wọn ò bá sì sunkún, ta ni yóò ṣèrànwọ́?" Èyí le fún mi láti dáhùn, n kò sì ní díbọ́n pé kò le. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Fíìmù tí a bo ojú ènìyàn inú rẹ̀ kì í wọni lára tó èyí tí ojú rẹ̀ hàn gbangba. Ṣùgbọ́n mo rántí gbọ̀ngàn wa lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwa sunkún, a ò ríran. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí ọmọ náà ń gbé. Kò sẹ́ni tó béèrè iye tí yóò ná a láti padà sí kíláàsì. A nu ojú, a pàtẹ́wọ́, a gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé ẹ̀kọ́. Omijé tí kò bá sún ènìyàn débi ìbéèrè, ẹni tó sun ún nìkan ni ara rẹ̀ fúyẹ́. Bí bíbo ojú ẹnìkan yóò bá dín ẹkún wa kù, ẹ jẹ́ kó dín in kù. Àwa ló yẹ kí a ru àdánù yẹn, kì í ṣe òun.

Àtakò kẹta, èmi fúnra mi ni mo bi ara mi. Bí ẹni tí wọ́n jẹ níyà bá fẹ́ kí ojú òun hàn ńkọ́? Kiki Mordi kò fi ojú ara rẹ̀ pamọ́. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé irú ìyà bẹ́ẹ̀ ló lé òun kúrò ní yunifásítì. Ní Pakistan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Saba, tí bàbá rẹ̀ àti ọkùnrin mìíràn nínú ẹbí rẹ̀ yìnbọn lù, tí wọ́n sì jù sínú odò nítorí pé ó fẹ́ ẹni tó wù ú, sọ ìtàn ara rẹ̀ nínú fíìmù Sharmeen Obaid-Chinoy, A Girl in the River. Fíìmù náà gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar ní ọdún 2016. Kí ọdún yẹn tó parí, ilé aṣòfin Pakistan yí òfin tó ń jẹ́ kí irú àwọn apànìyàn bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìjìyà bí ìdílé bá ti dárí jì wọ́n. Bí a bá fi ipá bo irú àwọn obìnrin báyìí, ìpanimọ́ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé ìpanimọ́ náà ni ìyà àkọ́kọ́ tó jẹ wọ́n. Bí a bá ṣí wọn láìbéèrè, a jẹ wọ́n níyà. Bí a bá bò wọ́n láìbéèrè, a tún jẹ wọ́n níyà. Ìbéèrè ni ọ̀nà tó wà láàárín.

Ìbéèrè wo wá ni? Mo ti rí i pé "Ṣé mo lè yà ọ́?" kò tó. Ó kéré tán, ó yẹ kí a bi í ní mẹ́ta sí i. Ṣé o mọ àwọn tí yóò wò ó? Kí lo rò pé ó lè ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ fún ọ àti fún àwọn ará ilé rẹ? Bí o bá wò ó tán tí o sì ní kí n yọ ohun kan, ṣé o mọ̀ pé màá yọ ọ́? Bí ẹni náà bá jẹ́ ọmọdé, bí ọ̀rẹ́ mi ṣe jẹ́, òbí rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún, ọmọdé ni. Èmi náà jẹ́ ọmọdé lábẹ́ òfin yẹn, ṣùgbọ́n fóònù tó wà lọ́wọ́ mi kì í béèrè ọjọ́ orí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa. Lóde òní, kò dìgbà tí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ fún BBC kí ó tó di ẹni tó ń ya fíìmù. Bí wọ́n bá ń na ẹnìkan ní ọjà, fóònù mẹ́wàá á ti gòkè. Bí ọmọ kíláàsì wa kan bá ṣubú, a ti yà á kí a tó gbé e dìde. A máa ń sọ pé kí ayé lè mọ̀ ni. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn, inú wa ló ń dùn, bí tèmi ṣe dùn lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó gbé fóònù sókè nìkan ló lè mọ èyí tó jẹ́.

Mo bẹ gbogbo àwọn tí mo fi fíìmù wa ránṣẹ́ sí pé kí wọ́n pa á rẹ́. Àwọn kan pa á rẹ́. Àwọn kan ò dáhùn. Ó ti di aṣọ ò bá Ọmọyẹ mọ́. Sáà tó tẹ̀ lé e, àbúrò ọ̀rẹ́ mi padà sí kíláàsì. Owó àjọ tí màmá fẹ́ fi kún ọjà ni wọ́n fi dá a padà.

Kí n tó fi àròkọ yìí ránṣẹ́, mo gbé e lọ sí ilé wọn ní ọjọ́ Àìkú kan, mo sì kà á sókè fún ọ̀rẹ́ mi àti màmá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yọ ohun méjì kúrò: ohun tó ń tà, àti ibi tó ti ń tà á. Mo yọ wọ́n níṣojú rẹ̀. Màmá ní kí n fi ti àbúrò rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn òbí lè kà á. Ọ̀rẹ́ mi wá bi mí pé, "Àwọn wo ni yóò kà á?" Mo ní, bí wọ́n bá mú un, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí, àwọn tí n kò mọ̀ náà sì lè kà á. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, fi ránṣẹ́."

Ká ní ó ní rárá ni, ẹ kì bá tí rí i kà.